Ọmọ Orí Itan Màríà

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, mo kí yín. Ẹ ní kí olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀ lórí àwòrán tí Ọnàjídé yà sí ẹ̀yìn pẹpẹ kí a tó dìbò. Èmi ò ní èrò o. Àlá ni mo ní. Oorun ló gbé mi lọ ní ìdájí òní, tí àlá sì wọlé tọ̀ mí wá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fún mi láyè, màá rọ́ ọ fún yín. Bí ẹ ò bá fún mi láyè, màá rọ́ ọ náà, torí kò sí ẹnìkan nínú yín tí n kò bá ṣe ìkómọ rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀, ojú á sì tì yín láti ní kí n jókòó.

Ẹ mọ ohun tí à ń bá ara wa fà. Ọnàjídé ya Màríà Mímọ́ jókòó, ó tẹ́ òkú Ọmọ rẹ̀ sórí itan. Gbogbo àwòrán náà ló dúdú, àfi ojú Ọmọ nìkan, tí ìmọ́lẹ̀ ti apá òsì wá bọ́ sí. Omijé kan ṣoṣo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ọnàjídé ṣàlàyé fún wa pé inú ìwé ńlá kan lòun ti kọ́ ọ, pé bí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì ayé àtijọ́ ṣe ń yà á nìyẹn, pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Bàbá Alága, Pa Ọlátẹ́jú, wá dìde, wọ́n ní àwòrán náà dára ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni. Wọ́n ní nílẹ̀ yìí òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kí ló wá dé tí a ó fi gbé ìyá tó ń wo òkú ọmọ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, tí àwọn aboyún á máa wò ó lọ́jọọjọ́ Àìkú? Wọ́n ní kí Ọnàjídé fi ọ̀dà dúdú kun ojú Ọmọ náà, kí ìyá kàn máa wo òkùnkùn. Mo rẹ́rìn-ín sínú díẹ̀, torí Bàbá Alága kan náà ló sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé ẹni tó bá ti ṣèrìbọmi ò ní èèwọ̀ kankan mọ́.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ àlá.

Mo rí ara mi lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò sì ṣe mí bákan pé ẹsẹ̀ kejì ò sí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ò ní ilẹ̀kùn mọ́. Àwòrán Ọnàjídé ló dúró síbi tí ilẹ̀kùn yẹ kó wà, ó sì ti ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Mo wò ó títí, mo ní kò burú, mo ká ìró mi sókè, mo sì gbẹ́sẹ̀ kọjá férémù rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀ wọ ilé ara rẹ̀.

Inú àwòrán tutù. Òórùn ọ̀dà àti òórùn ẹyin ló gba ibẹ̀ kan. Adìyẹ kún àgbàlá, inú gbogbo wọn ò sì dùn. Mo bi èyí tó sún mọ́ mi pé kí ló dé. Ó ní ẹyin àwọn ni wọ́n fi ń po ọ̀dà níbẹ̀ láti ayé ọjọ́un, pé òun fúnra òun lòun yé ojú áńgẹ́lì tó wà lókè yẹn, ọdún sì ń gorí ọdún, áńgẹ́lì ò yà kí òun rí. Mo gbójú sókè. Lóòótọ́, áńgẹ́lì náà jọ ọ́ díẹ̀ níbi imú. Mo sọ fún adìyẹ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé bí ọmọ ẹlòmíràn bá ti dé ipò ńlá, ọ̀nà ilé á gùn lójú rẹ̀. Adìyẹ ní òun ti gbọ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe yíjú padà, àgbàlá ti di ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀gá, ẹ mọ irú ibẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ńṣì gígùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Òdòdó funfun kan jókòó lórí bẹ́ńṣì, ajá kan sì jókòó tì í. Mo kí wọn. Òdòdó ní òun kì í ṣe òdòdó lásán, òun ni ìwà mímọ́, pé nínú gbogbo àwòrán tí áńgẹ́lì ti ń jíṣẹ́ fún Màríà, òun ni wọ́n ń fi sí i lọ́wọ́. Mo ní kó má bínú, pé a ò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa. Mo ní ìwà mímọ́ tiwa a máa wọ aṣọ funfun, á jókòó sí ìlà iwájú, á sì máa bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó pẹ́ dé. Ajá ní tòun, ìṣòtítọ́ lòun. Mo wò ó láti orí dé ìrù. Ajá ilé wa, nígbà Kérésì tó kọjá, ló gbé itan adìyẹ kúrò nínú ìkòkò, tó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Mo kàn ní ẹ kú ìjókòó.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ní iṣẹ́ ti dúró nínú àwòrán, pé Ọ́fíìsì Ìmọ́lẹ̀ ti ti fèrèsé. Wọ́n ní bí ìmọ́lẹ̀ ò bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa rí àwọn, bí kò bá sì sẹ́ni tó rí àwọn, àwọn ò ní dúró fún nǹkan kan mọ́, àwọn á kàn di òdòdó àti ajá. Ajá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ṣe ajá lásán kẹ́yìn, òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì lè ṣe é. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an ni.

Lẹ́yìn bẹ́ńṣì yẹn, àwọn ẹni mímọ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bànújẹ́. Olùkọ́ wọn mú ọ̀pá dání. Ó ní kí gbogbo wọn gbé ojú sókè, kí wọ́n la ẹnu díẹ̀, pé díẹ̀ lòun sọ, kí wọ́n fi ọwọ́ kan lé àyà. Ó ní fún obìnrin onírun gígùn kan pé ẹkún tirẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó máa gba ojú mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ó ní fún bàbá arúgbó kan pé kó tún ojú ṣe, pé èyí tó ṣe yẹn, ojú ẹni tí inú ń run ni. Ọ̀kan dúró lẹ́yìn pátápátá tó ń jẹ àgbàdo sísè, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ á kún fún ọ̀fọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti bá gbogbo wọn pàdé rí níbi ìsìnkú, nílùú yìí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Màríà. Òun ò sí nínú kíláàsì yẹn. Ó jókòó sórí òkúta nísàlẹ̀ àgbélébùú, ó tẹ́ ìró búlúù kan sórí itan, ìró náà fẹ̀ débi pé àgùntàn ń jẹ̀ létí rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lórí itan náà. Obìnrin méjì dì í mú léjìká, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, kó má wẹ̀yìn, pé àwọn àgbà ti gbé e lọ. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níjókòó, ẹ mọ irú ìdìmú yẹn. Kì í ṣe tìkà. Ọwọ́ wọn á rọ̀, wọ́n á máa bá ọ sunkún, ṣùgbọ́n o ò ní lè dìde.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Òun náà fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, torí ó rí ewú orí mi, ìró náà ni kò jẹ́. Ó kéré lójú, ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó ní àwọn ayàwòrán ni ò gbà kí òun dàgbà. Ó béèrè ará ilé, ó béèrè orúnkún mi. Mo wá bi í pé Ọmọ ńkọ́.

"Wọ́n gbé e sẹ́yìn òkè yẹn," ó ní. "Wọ́n ní òbí kì í rí òkú ọmọ. Mo ní ṣebí láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó lórí igi. Wọ́n ní ìyẹn ò kà, torí ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn."

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sókè.

Ọ́fíìsì kan ló ń léfòó lókè níbẹ̀. Ó ní òrùlé páànù, ó ní tábìlì, ó ní kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá lára ògiri. Àwọsánmà ló gbé e rù, ọ̀kan nínú àwọn àwọsánmà náà sì ń kùn pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí. Àkàbà tí wọ́n fi sọ Olúwa kalẹ̀ lórí igi ṣì fara ti ibẹ̀. Màríà ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun gùn ún, kí n gba ìmọ́lẹ̀ wá, kì í ṣe púpọ̀, èyí tó máa tó ojú ẹnìkan. Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun dìde ni. Mo gùn ún pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Ọ̀gá mẹ́ta ló wà nínú ọ́fíìsì. Òbíríkítí wúrà tí wọ́n máa ń yà sẹ́yìn orí ẹni mímọ́ wà lẹ́yìn orí wọn, ṣùgbọ́n rọ́bà ni wọ́n fi so ó mọ́ àgbọ̀n. Ọ̀kan ti bọ́ tirẹ̀, ó fi ṣe àwo ẹ̀pà. Wúrà náà ń sọ lábẹ́ ẹ̀pà pé òun kì í ṣe àwo, pé kí wọ́n béèrè òun lọ́dọ̀ àwọn tó mọ òun. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn fèrèsé apá òsì. Ó ga, ó tín-ínrín, ó ń fi èékánná kan gíláàsì jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀gá tó jókòó láàárín, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Alága, ẹ fojú fo èyí. Ẹ̀yin ni. Fìlà yín ni, ikọ́ yín ni, agbádá tí ẹ wọ̀ síbi ìkórè ló wà lọ́rùn yín. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú yín. Àlá ló yàn yín, bí ìjọ náà ṣe yàn yín.

Ẹ bi mí pé kí ni mo bá wá. Mo ní ìmọ́lẹ̀ tó máa tó ojú ẹnìkan. Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín in. Apá kan jẹ́ ti ìyẹ́ áńgẹ́lì, apá kan jẹ́ ti àwọn orí òkè tó jìnnà, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn olówó tó gbé iṣẹ́ àwòrán náà fún ayàwòrán. Mo bojú wolẹ̀ láti ojú fèrèsé, mo sì rí wọn lóòótọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ sí igun àwòrán nísàlẹ̀, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, ojú wọn ń dán bí ojú ìkòkò tuntun. Ọ̀kan ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò bóyá mo ti rí òun. Mo juwọ́ sí i kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ọ̀gá kejì dá sí i. Ó ní kí n má fojú kéré òkùnkùn, pé òkùnkùn náà ń ṣiṣẹ́, pé bí kò bá sí òkùnkùn nínú àwòrán, ta ni yóò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ dé? Mo ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Mo ní ohun tí mi ò kàn mọ̀ ni ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń bọ́ sójú olówó nígbà gbogbo, tí òkùnkùn sì ń rí ibi bọ́ sí lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ọ́fíìsì tàwọn, kí n lọ bi Ọ́fíìsì Òjìji. Mo ní níbo nìyẹn wà. Ó ní òkùnkùn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ẹ wá bọ́ awò ojú yín, Bàbá Alága, ẹ fi etí agbádá nù ún.

"Ìyá Ìbùkún," ẹ ní, "nítorí ìyá la ṣe ń ṣe é. Ojú tó bá rí i ò ní gbàgbé láéláé."

"Ojú tí kò rí i ńkọ́?" mo ní. "Ṣé ìyẹn gbàgbé?"

Ẹ dá awò yín padà sójú. Ẹ ní, "Ojú ọmọ ta lẹ tilẹ̀ wá wò gan-an?"

Mo fẹ́ dáhùn pé ojú Ọmọ Màríà ni. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu ṣe máa ń ṣe lójú àlá, kì í gba ìmọ̀ràn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ojú Dúrósinmí."

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ orúkọ yẹn. Kí Ìbùkún tó dé, mo bí ọmọkùnrin kan. Àwọn kan ti wá ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí, kí ó lè dúró, kó wá sin wá. Ó dúró títí tó fi lè gun igi àgbálùmọ̀ ilé wa, tó sì lè já lulẹ̀ lórí rẹ̀. Ibà ló mú un, ibà kékeré lásán, kò sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n fà mí wọ yàrá, àwọn ìyálé agboolé dì mí mú léjìká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú agboolé ọkọ mi ló gbé e jáde, wọ́n ti fi aṣọ wé e. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ àgbàlá títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Bàbá Alága, ara yín ṣì le nígbà yẹn. Ẹ fi àánú ṣe é, mo mọ̀, ẹ ò sì jẹun lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ fún mi. Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Dúrósinmí mọ́. Mo ṣì rántí ẹ̀wù rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń pe ata ní tata. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí, ó ń dùn mí ju ikú náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú àlá, kí ẹ má bàa ní mo sọ ìpàdé di ilé ọ̀fọ̀.

Bí mo ṣe dárúkọ ọmọ náà, àwo ẹ̀pà pàápàá fi àròyé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọ́tìnì. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo wojú mìíràn kí ojú má bàa tì í. Ẹ̀kẹta ń jẹ kàlẹ́ńdà, ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá. Nígbà tí mo fi máa wo Bàbá Alága, irùngbọ̀n ti gùn wálẹ̀ lágbọ̀n wọn, ìwo méjì ti ti fìlà sókè díẹ̀, wọ́n ti di òbúkọ. Kí n sọ òótọ́, ó yẹ wọ́n. Òbúkọ ọlọ́lá ni. Wọ́n ṣì ń ka òfin fún mi o. Òbí kì í, wọ́n á gé kọ́tìnì jẹ. Òbí kì í rí, wọ́n á tún gé e jẹ, títí ìyókù òfin fi bá kọ́tìnì lọ sọ́nà ọ̀fun. Òdòdó funfun gun àkàbà wá láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì jẹ òun náà. Ó ń sọ̀rọ̀ nínú ikùn wọn pé kò burú, pé òun ti wà lọ́wọ́ áńgẹ́lì títí ó fi sú òun, òun ò dé ibí yìí rí.

Nígbà tí àwọn méjì yòókù náà yí padà tán, kò sí ọ̀gá mọ́, ewúrẹ́ nìkan ló kù. Mo wá lọ síbi fèrèsé. Mo rò pé mo máa bá àgádágodo níbẹ̀. Kò sí. Kò tilẹ̀ há. Mo tì í, ó ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ní ẹ ṣé o, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wọlé.

Ó kọjá lára àwọn olówó, kò wò wọ́n. Wọ́n pariwo pé ó ti ṣìnà, wọ́n ń na ọrùn tẹ̀ lé e, ọ̀kan dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn férémù. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Ọ́fíìsì náà sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú èmi àti ewúrẹ́ nínú rẹ̀, títí ó fi bà sórí koríko. Nígbà tí mo jáde, ọwọ́ àwọn obìnrin méjì yẹn ti tú kúrò léjìká Màríà, ọmọ sì ti wà lórí itan rẹ̀. Mi ò rí ìgbà tí wọ́n gbé e dé.

Mo sún mọ́ wọn. Ọmọ tó wà lórí itan náà kúrú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Àpá kan wà lórúnkún rẹ̀, èyí tí igi àgbálùmọ̀ fún un. Mo wo Màríà, Màríà wò mí.

"Ìyá Dúrósinmí," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á díẹ̀. Itan mi ti kú, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yà mí tí mo gbé e, kò sì sí ayàwòrán kan tó ní kí n sinmi."

Mo jókòó sórí òkúta. Ó gbé e fún mi. Ó wúwo, bí ọmọ tó fi eré ṣíṣe sùn ṣe máa ń wúwo. Ìmọ́lẹ̀ sún díẹ̀ kí n má bàa dí i, ó bọ́ sójú rẹ̀, mo sì wò ó. Mo wò ó dáadáa. Mo ní màá mú un délé.

Omijé bọ́ lójú mi. Màríà ń wò ó bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí n dá a dúró níbẹ̀, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé ibẹ̀ ni tòun máa ń dúró sí, àwọn ayàwòrán kì í jẹ́ kó kọjá ibẹ̀ torí á ba iṣẹ́ jẹ́. Tèmi ò dúró. Ó dé àgbọ̀n, ó kán sórí ìró búlúù, búlúù sì ṣí díẹ̀ níbẹ̀. Màríà tẹ̀ síwájú láti wo ojú ibi tó ṣí. Ó bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé tiwa kì í ní ìdúró. Ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó ń gbìyànjú rẹ̀ lọ́wọ́, tirẹ̀ ti kúrò láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti ń sún mọ́ àgbọ̀n, ni òbúkọ àárín rìn wá láti ibi ọ́fíìsì. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Kò ka òfin kankan. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo sì jí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Orí àga pálọ̀ ni mo wà, níbi tí mo jókòó sí láti dúró de iná kí n lè lọ aṣọ pẹpẹ. Iná ti dé. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn wọlé láti ẹnu ọ̀nà apá òsì, kò sì dé ibì kankan nínú pálọ̀ àfi orí itan mi. Aṣọ pẹpẹ ló wà níbẹ̀, mo fi ọwọ́ kan gbá a mú níbi orí, mo fi ọwọ́ kan gbá a mú níbi ẹsẹ̀. Itan mi ti kú pátápátá. Mo wá ojú tí mo rí lójú àlá, kò sí mọ́, gbogbo bí mo ṣe dì í mú tó.

Bàbá Ìbùkún jáde láti yàrá, wọ́n dúró wò mí. Wọ́n ní iná ti dé, kí n gbé e sílẹ̀ kí n lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e díẹ̀ sí i. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí, a sì jọ wà níbẹ̀ títí wọ́n fi mú iná lọ.

Ìdí nìyẹn tí aṣọ pẹpẹ fi rún lónìí, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tí ẹ máa bá wí. Ẹ máa dìbò yín. Bí ẹ bá ní kí Ọnàjídé kun ojú Ọmọ Màríà ní dúdú, èmi fúnra mi á bá a po ọ̀dà, màá sì fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nawọ́ sókè, Bàbá Alága, ẹ̀yin lẹ rí Dúrósinmí kẹ́yìn. Mi ò bi yín níbi tí ẹ sin ín sí. Ẹ kàn sọ fún mi bí ojú rẹ̀ ṣe rí.